Bí Ọdẹ́dìran Ṣe Fi Ìkòkò Lílu Bẹ Yèyé Àjíún

Ẹ sún mọ́ mi. Kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà rọra máa pa á, kí ẹni tí oorun ń kùn lọ bọ́jú, nítorí ìtàn tí mo gbé dání yìí kì í padà sẹ́yìn wá wá ẹni tó sùn. Bí Ọdẹ́dìran ọdẹ ṣe sọ ọ́ fún àwa ọmọdé lábẹ́ igi ẹ̀yìn ilé rẹ̀ nígbà tó darúgbó ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ibi tó bá ti fi iyọ̀ sí i, mi ò ní ṣan án kúrò. Ọdẹ tí kò bá fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀, ẹran gbígbẹ lásán ló gbé wálé.

Ọmọ Àkópọ̀ ni Ọdẹ́dìran. Àkópọ̀ ni olú ìlú, ìlú mẹ́rìndínlógún ló yí i ká, gbogbo wọn ló sì ń sin ọba kan tí à ń pè ní Alákòópọ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní èdè tirẹ̀. Láyé àtijọ́, àpótí mẹ́rìndínlógún ló wà láàfin tí àwọn ògbifọ̀ ń jókòó lé, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹjọ́ lè fi èdè ìyá rẹ̀ rò ó. Ṣùgbọ́n bí ògbifọ̀ kan bá ti kú, wọn kì í fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ mọ́. Wọ́n á gbé àpótí rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn olorì, àwọn yẹn á máa kó aṣọ lé e. Díẹ̀díẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé èdè Àkópọ̀ nìkan ni etí ọba ń gbọ́.

Fẹ̀yíntọ́lá, ìyàwó Ọdẹ́dìran, ọmọ Òkè-Ìyeyè ni, ìlú tó kéré jù nínú gbogbo wọn. Iṣẹ́ oyin ni Àkànjí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń ṣe níbẹ̀. Ará Àkópọ̀ kan tí oko wọn jọ pààlà wá sọ pé òun ló ni igi tí oyin wà lórí ààlà. Àkànjí dé ààfin, ó fi èdè Ìyeyè rojọ́ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tó wí. Ọba ní ẹni tí kò dáhùn ti jẹ̀bi. Wọ́n gba igi, wọ́n gba oko mọ́ ọn, oko tí sàréè ìyá wọn wà nínú rẹ̀.

Ni ará Òkè-Ìyeyè bá figbe ta pé kí ọba jẹ́ kí àwọn máa fi òfin àwọn àti èdè àwọn dá ẹjọ́ ara àwọn. Alákòópọ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gígùn máa ń sú u. Ó ní òfin tí kò sí ẹni tó lè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àlá ni. Bí ẹnì kan bá wà tó mọ òfin Ìyeyè tán, kó wá kà á níwájú òun lọ́jọ́ ọdún iṣu tuntun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò ti ilé ẹjọ́ wọn pa, oko Àkànjí sì lọ nìyẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n tán: Yèyé Àjíún. Òun ló jókòó lórí àpótí Ìyeyè kẹ́yìn. Ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú, lọ́jọ́ ọdún iṣu kan, ó dìde láti ki òfin ìlú rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń kì í. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín èrò bẹ̀rẹ̀ sí í sín in jẹ, ó ní ìyá yìí ń fọhùn bí adìyẹ tí ẹ̀gún há lọ́fun. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín, ọba pàápàá rẹ́rìn-ín. Yèyé Àjíún fi ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀, kò bú ẹnikẹ́ni, ó gba ọ̀nà Igbó Àìbọ̀ lọ. A kò rí i mọ́.

Ta ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà? Tí bàbá ọdẹ bá dé ibí yìí, á wo ilẹ̀, á fi ẹsẹ̀ ha iyẹ̀pẹ̀, á ní, "Èmi kọ́ ni mo wà níbẹ̀ nìkan." Ṣùgbọ́n òun ni.

Fẹ̀yíntọ́lá kò pariwo. Ó gbé ọbẹ̀ sílẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, ó ní: "Baba Ọdẹ́níyì, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rèé tí mo ti wà lọ́ọ̀dẹ̀ yín. Gbogbo èdè mi tí ẹ gbọ́, 'wúnlé' nìkan ni."

Òótọ́ ni. "Wúnlé" ni wọ́n fi ń sọ pé ẹ wá jẹun. Òun nìkan ni Ọdẹ́dìran mọ̀, nítorí òun nìkan ló wúlò fún un.

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?" ni ọkọ bèèrè.

"Ẹ lọ mú Yèyé wálé. Ẹsẹ̀ tó lé ẹran lọ ni í gbé ẹran bọ̀."

Ó ku oṣù méjì kí iṣu tuntun jáde. Ọdẹ́dìran gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ju àpò ọdẹ sẹ́yìn. Àkànjí fún un ní ìda oyin bí ìkúùkù, ó ní ọ̀nà jìn, ìda kì í ṣaláì wúlò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ Igbó Àìbọ̀, igbó tí igi rẹ̀ ń yà fún ènìyàn tó bá ń bọ̀, tí í sì pa dé lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Bàbá á ní, "Ẹ wò mí dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Èmi yìí ni mo wo ẹfọ̀n lójú tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Ẹ̀rù kò bà mí. Òtútù ló ń mú mi tí mo fi ń gbọ̀n."

Ìlú àkọ́kọ́ tó dé ni Ìlú Ẹlẹ́nukan. Láti orí ọba dórí ọmọ ọwọ́, kò sí ẹnu lójú wọn. Abẹ́ imú wọn ń dán bí ẹ̀yìn igbá. Ẹnu kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ní. Wọ́n gbé e lé orí tìmùtìmù nínú àwo ńlá kan ní gbàgede ọba, ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin yí i ká, ará ìlú sì tò lọ rẹrẹ títí dé ẹ̀yìn odi. Ẹni tó bá kàn á gbé ẹnu sójú, á jẹun, á sọ tẹnu rẹ̀, á bọ́ ọ fún ẹni tó tẹ̀lé e.

Ọkùnrin kan ti wà lórí ìlà láti sọ fún omidan kan pé òun fẹ́ ẹ. Ìgbà tó fi kàn án, omidan ti di ìyàwó rẹ̀, ó ti bí ọmọ mẹ́ta. Ó kàn sọ ọ́ náà ni kí ọ̀rọ̀ má bàa ṣòfò. Òmíràn gbé ẹnu sójú, ó ké pé iná ń jó ilé òun. Ilé ti jó, wọ́n ti tún un kọ́, koríko ti hù lórí rẹ̀. Nítorí pé ọ̀dọ̀ ọba sì ni ẹnu ti ń pẹ́ jù, ọ̀rọ̀ ọba ti mọ́ ọn lára. Ẹni tó fẹ́ sọ pé ebi ń pa òun, ẹnu á kọ́kọ́ fúnra rẹ̀ sọ pé, "Kábíyèsí ṣe dáadáa," kó tó wá kan ti ebi.

Ọba wọn rí Ọdẹ́dìran, ó gba ẹnu, ó ní ẹnu ẹyọ kan ni òfin ìlú àwọn mọ̀, kí àlejò bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ọdẹ́dìran ní òun gbà, ṣùgbọ́n ẹnu ọdẹ ni tòun. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ fi hàn wọ́n bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀. Ó ka ẹran tó pa, ó ka èyí tí kò pa tí ìtìjú pa, ó ka baba wọn, ó ka àna wọn. Oòrùn kúrò lórí igi, ó dé àtàrí, ẹnu ọdẹ kò sinmi. Àwọn arúgbó fi ọwọ́ dí etí. Níkẹyìn, ọba fúnra rẹ̀ gbé ẹnu sójú, ó gbàgbé láti yin ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Kó gbé e lọ."

Níwájú díẹ̀, iwin kan dábùú ọ̀nà. Ojú-Orúnkún ni wọ́n ń pè é: ojú rẹ̀ méjèèjì, orí orúnkún ló wà, ìdí nìyẹn tí kì í fi kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni, kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa kó sí i lójú. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í kọjá láìjẹ́ pé ó já àlọ́ òun. "Kí ni ohun tí o lè fún gbogbo ayé, tí tìrẹ kò ní dín, ṣùgbọ́n tí o bá dé e mọ́lẹ̀ pé tèmi nìkan ni, á kú mọ́ ọ lọ́wọ́?"

Ọdẹ́dìran ní iná ni. Ẹni tó bu iná fún aládùúgbò, iná tirẹ̀ kò dín. Ẹni tó fi igbá dé e, eérú ni yóò bá.

Iwin náà jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ ṣẹ́. Ó ní, "O gba ìdajì. Ìdajì yòókù wà níwájú. Ọjọ́ tí o bá rí i, pariwo kí n gbọ́."

Ó wá dé Ìlú Olúkúlùkù. Tàwọn yìí tún yàtọ̀ sí ti Ẹlẹ́nukan. Ẹnu wọn pé, ṣùgbọ́n agboolé kọ̀ọ̀kan ló mọ odi gàgàrà, agboolé kọ̀ọ̀kan ló ń sọ èdè tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ti ẹnì kejì. Kànga kan ló wà láàárín ìlú, ó jìn bí ìrònú. Okùn mẹ́tàlá ló wà lẹ́nu rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbè tirẹ̀, kò sì sí èyí tó kanlẹ̀. Wọ́n á jù ú sínú kànga, kò ní kan omi, wọ́n á fà á sókè ní gbígbẹ, wọ́n á bínú lọ sílé lọ lá ìrì ara ewé. Ọdẹ́dìran wò wọ́n títí. Òùngbẹ ń gbẹ òun náà. Ó mú okùn ti èyí, ó so ó mọ́ ti ìyẹn, ó so gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá pọ̀, ó ju agbè sí i: gbọ̀ọ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn omi. Arábìnrin kan bú sẹ́rìn-ín, ọkùnrin odi kejì gbà á lẹ́nu rẹ̀, nítorí ẹ̀rín kò nílò ògbifọ̀. Ìgbà tó fi máa kúrò níbẹ̀, wọ́n ti ń na ìka sí omi, tí oníkálukú ń sọ ohun tí wọ́n ń pè é nílé wọn, tí àwọn yòókù ń pè é tẹ̀ lé e.

Ìrìn ọjọ́ méje lẹ́yìn náà ló dé abúlé àwọn iwin. Ẹnu yà á. Àwọn ọmọ iwin ń ṣeré lábẹ́ igi, èdè Ìyeyè ni wọ́n ń sọ. Àwọn àgbà iwin ń ná ọjà, èdè Ìyeyè ni. Yèyé Àjíún jókòó láàárín wọn, ara rẹ̀ ń dán bí ẹni tó jẹ epo tuntun, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, eyín rẹ̀ sì pé ju ti Ọdẹ́dìran lọ.

Ọdẹ́dìran na ara sílẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ̀bẹ̀ ní èdè Àkópọ̀. Yèyé gbọ́ èdè náà dáadáa, ṣùgbọ́n kò dá a lóhùn. Ó sọ̀rọ̀ sí iwin onírùngbọ̀n kan létí, iwin náà sì túmọ̀ rẹ̀.

"Yèyé ní òun dá ọ mọ̀. Ó ní ṣé ẹ̀gún ọjọ́ náà ti kúrò lọ́fun adìyẹ?"

Àwọn iwin rẹ́rìn-ín títí ewé fi ń rẹ̀. Onírùngbọ̀n wá là á yé e. Ó ní ní Òkè-Ìyeyè, a kì í fi ìdọ̀bálẹ̀ bẹ àgbà tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í pẹ́ dìde. Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ti lu ni a fi í bẹ ẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ á lọ pọnmi lódò, á gbé e bọ̀, á da ìwọ̀nba tó bá kù sínú àmù ẹni tí a ṣẹ̀. Ìrìn kọ̀ọ̀kan, á sọ gbólóhùn kan ní èdè ẹni náà, èyí tí kò sọ rí. Ọjọ́ tí inú ẹni náà bá yọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi àtẹ́lẹwọ́ dí ihò ìkòkò.

Wọ́n gbé ìkòkò fún un. Ihò ìdí rẹ̀ gba àtàǹpàkò. Odò sì jìnnà. Ọdẹ́dìran rẹ́rìn-ín sínú, ó ní ọmọ olú ìlú lòun, ọgbọ́n kò lè tán lọ́wọ́ òun. Nígbà tó dé odò, ó yọ ìda Àkànjí, ó fi dí ihò pinpin. Kí oòrùn tó mú, àmù ti kún dé ẹnu. Ó dúró tì í, ó ń nu òógùn, ó ń retí ìyìn.

Yèyé Àjíún ti ìka bọ omi, ó gbọ́ òórùn ìda. Ó dojú àmù délẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá.

Onírùngbọ̀n ní, "Yèyé ní omi lo pọn wá. Òun kò sọ fún ọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun."

Ìtìjú mú un. Ó hó ìda kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wàyìí o, ọ̀nà odò di ilé ẹ̀kọ́ fún un. Àwọn ọmọ iwin tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń kọ́ ọ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: òjò ń bọ̀, ìyá mi dà, iyọ̀ kò tó. Omi ń ṣàn sí i lọ́rùn, ahọ́n rẹ̀ ń kọsẹ̀, àwọn ọmọ iwin ń sín in jẹ, wọ́n ń fi imú sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín báyìí, etí rẹ̀ gbóná. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó jókòó létí odò. Ó ronú pé, bó ṣe rí lára obìnrin yẹn nìyí, lójú gbogbo ọjà, lójú ọba. Kò sọ ìyẹn fún wa lẹ́ẹ̀kan rí láìnu imú.

Ó tún dìde. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, àwọn ọmọ iwin kò ní gbólóhùn tuntun mọ́ láti fún un; tirẹ̀ ló ń gbé bọ̀. Ó dé iwájú Yèyé, omi ìdí ìkòkò kò kún àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi èdè Ìyeyè sọ pé: "Yèyé, lọ́jọ́ tí mo sín yín jẹ, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí ẹ sọ. Ohun tí mi ò gbọ́ ni mo fi rẹ́rìn-ín."

Yèyé Àjíún ju àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ihò náà. Àwọn méjèèjì jọ gbé ìkòkò lọ sódò, wọ́n jọ gbé e bọ̀, ẹ̀kán omi kan kò já sílẹ̀. Àmù kún. Ìgbà yẹn ló tó ye Ọdẹ́dìran. Àwọn iwin ti gba èdè náà tán, síbẹ̀ ti Yèyé kò dín. Ó fi gbogbo ohùn pariwo sínú igbó pé, "Èdè ni o!" Lókèèrè, ó gbọ́ ẹ̀rín Ojú-Orúnkún.

Ọ̀nà àbọ̀ kì í jìn bí ọ̀nà àlọ. Bí wọ́n ṣe ń rìn ni Yèyé ń fi òfin Ìyeyè kọ́ Ọdẹ́dìran ní èdè. Àwọn ará Olúkúlùkù fún wọn lómi. Àwọn ará Ẹlẹ́nukan gbúròó pé ọdẹ yẹn ń bọ̀, wọ́n sì sá wọlé. Òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún iṣu ni wọ́n wọ Àkópọ̀. Yèyé Àjíún dúró níwájú ọba, ìkòkò lílu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní èdè ìlú òun lòun yóò sọ, Ọdẹ́dìran ni yóò sì máa túmọ̀. Àwọn ìjòyè wo ara wọn, wọ́n ní ẹni tó pè é ní adìyẹ ti di ògbifọ̀ rẹ̀.

Alákòópọ̀ kọ́kọ́ sọ tọkàn rẹ̀. "Yèyé, ọwọ̀ tí kò ní ìdè kì í gbálẹ̀. Ìlú mẹ́rìndínlógún, ahọ́n mẹ́rìndínlógún, báwo la ó ṣe jẹ́ ọ̀kan?"

Yèyé dáhùn, Ọdẹ́dìran túmọ̀ rẹ̀: "Kábíyèsí, òótọ́ lẹ sọ nípa ìdè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi oje lẹ ọwọ̀ pọ̀ kó lè di igi kan ṣoṣo, ẹ fún un nílẹ̀ gbá ká wò ó."

Ọba rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kó máa kà á. Yèyé bẹ̀rẹ̀ òfin Ìyeyè láti ìbẹ̀rẹ̀: òfin omi, òfin opó, òfin àlejò tó ṣàìsàn lọ́nà. Iṣu tutù, ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹ́. Ó wá kan òfin oyin. Ọdẹ́dìran túmọ̀ pé: "Oyin orí igi ààlà, àwọn méjèèjì ló ni ín. Ẹni tó gùn ún ló ń gé e, ẹni tó dúró nísàlẹ̀ ló ń pín in, ẹni tó gùn ún ni yóò kọ́kọ́ mú."

Ọba gbé ọwọ́ sókè, ó ní kó tún un sọ. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọba wá ojú Àkànjí láàárín èrò. "Ṣé ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn?"

Wọ́n bi Àkànjí, ó ní òun náà ni. Ìdajì lòun bèèrè.

"Ìdajì ló bèèrè," ni ọba wí, "mo sì gba gbogbo rẹ̀."

Yèyé wo ìkòkò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ọdẹ́dìran sì ṣàlàyé fún ọba ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Àwọn ìjòyè bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ọba kì í pọnmi. Alákòópọ̀ bọ́ bàtà. Ó ní ọba tí kò bá lè gbé omi, ẹjọ́ ló máa wá lè gbé? Ó gbé ìkòkò lérí, ó gba ọ̀nà odò.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá gbọ́ ariwo ayọ̀ lọ́jọ́ náà! Ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún tò sí ọ̀nà, ìrìn kọ̀ọ̀kan ni ìlú kan ń kọ́ ọba ní gbólóhùn kan, kí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni má tún ṣubú níwájú rẹ̀. Agbádá rẹ̀ rin gbindin. Nígbà tó ṣe ìrìn kẹrìndínlógún, àwọn ìjòyè yí Àkànjí ká, wọ́n ní kó jọ̀wọ́ kó dí ihò. Àkànjí rò ó, ó sọ̀rọ̀, Ọdẹ́dìran sì túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn lẹ́nu Kábíyèsí ni. Ó ní kí wọ́n tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ọba fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó tún lọ. Nígbà tó dé, Àkànjí fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó kún fún ojú ibi tí oyin ti ta á dí ihò náà, wọ́n sì jọ da omi sínú àmù ààfin.

Oko padà sọ́wọ́ Àkànjí, wọ́n sì ń pín oyin igi ààlà bí òfin ṣe wí. Ilé ẹjọ́ Òkè-Ìyeyè kò tì. Wọ́n kó àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún padà jáde. Àwọn olorì kùn fún odidi oṣù kan pé aṣọ àwọn wà nílẹ̀. Ọdẹ́dìran jókòó lórí ti Ìyeyè títí Yèyé fi kọ́ ọmọ ìlú rẹ̀ kan tó gbọ́n jù ú lọ.

Nígbà tó délé lọ́jọ́ ọdún náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi èdè Ìyeyè kí ìyàwó rẹ̀, gbólóhùn mẹ́ta gbáko, ó fi imú pè wọ́n bó ṣe máa ń ṣe. Fẹ̀yíntọ́lá gbìyànjú, kò lè mú un mọ́ra. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú, omi ojú ń dà.

Ọdẹ́dìran lọ gbé ìkòkò lílu tó gbé bọ̀ láti ààfin, ó gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì nawọ́ sí ọ̀nà odò.

Fẹ̀yíntọ́lá gbé e lérí, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó ń lọ. Kò tíì dé ẹ̀yìn àká tí ọkọ rẹ̀ fi sáré bá a, tó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ihò náà. Fẹ̀yíntọ́lá yí ojú sí i, ó ní, "Wúnlé." Wọ́n sì padà wọlé lọ jẹ iṣu.

Ibi tí bàbá fi í sí nìyẹn, èmi náà sọ ọ́ kalẹ̀ síbẹ̀. Bí mo bá ti jẹ́ kí díẹ̀ jò dànù lọ́nà, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ, ẹ bá mi fi àtẹ́lẹwọ́ dí i.